Abọ́ Ìwẹ̀ Ló Kọ́kọ́ Wọ Inú Ìwé Náà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé Lola ní Quezon City, ní Philippines, wọ́n na ọwọ́ sí mi, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì. Gbogbo ilé pariwo. Wọ́n rò pé mo ṣubú. Lola ni ìyá àgbà ní èdè Tagalog, ọwọ́ tí wọ́n nà sì jẹ́ kí n gbà á, kí n fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan iwájú orí mi. "Mano" ni wọ́n ń pe ìkíni yẹn. Màámi kò sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn rò pé mo mọ̀.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ní Mọ́níyà, kò jìnnà sí IITA níbi tí màámi ti ṣiṣẹ́ ìwádìí lórí irúgbìn. Los Baños ni wọ́n ti wá, ní Laguna, ìlú tí wọ́n dá IRRI, ilé ìwádìí ìrẹsì, sílẹ̀ sí ní 1960. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi. Ní kíláàsì, "Ṣáínà" ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo dé Philippines, wọ́n ń bi mí bóyá Amẹ́ríkà ni mo ti wá. Kò sí ibi tí mo yà tí n kò ní ṣàlàyé ara mi. Ohun tó sún mi débi ìwé ṣíṣe nìyẹn.

Zine ni wọ́n ń pe irú ìwé náà. Ìwé pélébé ni, ẹni tó kọ ọ́ ló ń ya àwòrán rẹ̀, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń gbé e kiri tà. Kò sí olóòtú tí yóò fa ìlà pupa sí i. Bí ẹ bá ti ṣe ìwé ètò ìsìnkú rí ní Ṣómólú, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà: bébà tí a ká sí méjì, tí a fi sítépílà kàn láàrin. Ti ìsìnkú kàn ní olóògbé níwájú ni.

Ẹni tó fi í hàn mí ni Ate. Ate ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ là á lórúkọ mọ́lẹ̀, bíi tilé wa náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màámi ni. Ó mú mi lọ sí BLTX, ọjà àwọn tó ń tẹ ìwé fúnra wọn. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Better Living Through Xeroxography, nítorí "xerox" ni gbogbo ayé ń pe fótókọ́pì níbẹ̀. Mo padà sílé, mo jókòó, mo kọ ojú-ìwé mẹ́fà tó le koko nípa ẹni tí mo jẹ́. Ate kà á dé ìdajì, ó dá a padà.

"Ìwé ìdánwò lo kọ yìí. Wọ bálùwẹ̀ Lola lọ, kí o wá sọ ohun tí o rí fún mi."

Tabo ni mo rí: ike pupa ọlọ́wọ́ gígùn tó ń léfòó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ọ̀kan wà nílé wa ní Mọ́níyà. Màámi ń pè é ní tabo, bàbá mi ń pè é ní abọ́ ìwẹ̀, èmi sì ti gbà tipẹ́ pé ohun ìní Ìbàdàn ni, nítorí n kò tíì wọ ilé tí n kò bá irú rẹ̀. Ate rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ Philippines tó ń lọ sókè òkun a máa di tabo mọ́ ẹrù wọn kí wọ́n tó wọ bàálù. Mo ya tabo sí apá òsì, abọ́ ìwẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ojú-ìwé àkọ́kọ́ ti bọ́ sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ojú-ìwé yòókù ń dà wọlé fúnra wọn. Mo ya ara mi níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, Lola sì na ọwọ́ sókè orí mi. Mo kọ "salamat po" sí òkè "ẹ ṣé", nítorí iṣẹ́ kan náà ni "po" àti "ẹ" ń ṣe: ọmọ tó bá gbàgbé rẹ̀ níwájú àgbà, wọ́n á bi í bóyá kò sí ẹni tó kọ́ ọ nílé. Mo ya ìgò kẹ́ṣọ́ọ̀pù ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí Maria Orosa, onímọ̀ oúnjẹ tí ogun pa ní Manila ní 1945, dá sílẹ̀. Kẹ́ṣọ́ọ̀pù yẹn dùn ju èyí tí mo mọ̀ lọ, ṣúgà tí wọ́n ń rọ sínú sùpàgẹ́tì wọn ni mi ò tíì dárí jì wọ́n.

Ojú-ìwé tó gbà mí lákòókò jù ni ti Tito, àbúrò màámi ọkùnrin. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, gbogbo ọmọ àdúgbò ń sáré wálé wá wo Voltes V, eré àwòrán àwọn ará Japan nípa ọkọ̀ márùn-ún tó ń para pọ̀ di ẹ̀rọ alágbára kan. Ní 1979, ó ku díẹ̀ kí ó parí, ìjọba Marcos, ààrẹ wọn nígbà náà, fòfin dè é. Wọ́n ní ìjà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọdé. Àwọn àgbà ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀tẹ̀ tí wọ́n dì sí ọba burúkú inú rẹ̀ ló bí Marcos nínú. Marcos sá kúrò nílùú ní 1986. Kí Tito tó rí ìparí eré náà, wọ́n ti dàgbà. Mo pín ojú-ìwé wọn sí àpótí mẹ́fà, mo ya àwòrán sí márùn-ún, mo sì fi tàdáwà dúdú kun ẹ̀kẹfà pátá.

Orúkọ ìdílé Lola náà gba ojú-ìwé kan. Oas, ní Albay, ni wọ́n ti wá, lẹ́tà R ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, bíi ti ọ̀pọ̀ ará ìlú wọn. Gómìnà Clavería tí Spain rán wá ló pàṣẹ ní 1849 pé kí gbogbo ènìyàn mú orúkọ ìdílé láti inú ìwé kan tí wọ́n tò ní A, B, D, wọ́n sì pín in láti ìlú dé ìlú. Mo bi Lola ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. Wọ́n ní kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Èmi tí wọ́n fi oríkì jí láàárọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ìṣirò. Bébà kan tí a ká sí méjì ń bí ojú-ìwé mẹ́rin, nítorí náà iye ojú-ìwé gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin. Tèmi jẹ́ 16, bébà mẹ́rin. Ojú-ìwé 1 kì í wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2 bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. 16 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú méjì tó bá jọ wà lórí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ro wọ́n pọ̀, 17 ni kí ẹ bá. Mo ká bébà òfìfo mẹ́rin, mo kọ nọ́ńbà sí ojú kọ̀ọ̀kan, mo sì tú wọn palẹ̀ kí n tó lẹ ohunkóhun. Ẹ má fo ibẹ̀ o.

Àkọlé ló dójú tì mí. "Anak", ìyẹn ọmọ, ni mo fẹ́ kọ ní baybayin, ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n ní kí àwọn òyìnbó Spain tó dé. Lẹ́tà kọ́ńsónáǹtì baybayin kọ̀ọ̀kan ti gbé fáwẹ̀lì "a" pọ̀n. Àmì kékeré lórí "ba" á sọ ọ́ di "be" tàbí "bi". Lábẹ́ rẹ̀, "bo" tàbí "bu". Ọmọ Yorùbá tí olùkọ́ ti nà rí nítorí àmì ohùn yẹ kó ṣọ́ra. Èmi ò ṣọ́ra. Mo ṣí fọ́ǹtì lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ a-n-a-k bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sì kọ ni "anaaka". Ate ló rí i. Láyé àtijọ́, lẹ́tà méjì péré ni, "a" àti "na". Òǹkàwé ló ń fi "k" kún un. Mo fi ọwọ́ kọ ọ́, lẹ́tà méjì, mo sì fi ọwọ́ kọ gbogbo Yorùbá inú ìwé náà pẹ̀lú, nítorí fọ́ǹtì yẹn ń ju àmì ìsàlẹ̀ wa dà sí ẹ̀gbẹ́.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì. Píso méjì lójú kan. Bébà mẹ́rin ní ojú mẹ́jọ, ẹ̀dà 40, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 640 píso. N kò ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan wò. Ní Ìbàdàn, ta ló ń béèrè irú bébà? A4 ni. Níbẹ̀, "short" ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ, íǹṣì 8.5 sí 11, "long" náà wà tó jẹ́ 8.5 sí 13. Short kúrú ju A4 lọ ní nǹkan bíi mìlímítà 18, mìlímítà 5 péré ni mo sì fi sílẹ̀ létí. Ẹ̀rọ gé etí òsì àti etí ọ̀tún, ó gé ìka ẹsẹ̀ mi níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, ó gé ọwọ́ tabo. Ẹjọ́ mi ni, kì í ṣe tiwọn. Mo padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú bébà A4 tèmi, mo tún san 640, mo sì rán wọn létí kí wọ́n yí ẹ̀yìn bébà ní ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, kí ojú kejì má baà dorí kodò.

Sítépílà ilé kò gùn dé àárín ìwé. Ate ṣí ẹnu sítépílà náà gbayawu, ó tẹ́ ìwé sórí sìlípáàsì rọ́bà, ó tẹ píìnì wọlé, ó sì fi ìdí ṣíbí pa ẹnu rẹ̀ dé lódìkejì. Ẹ̀dà 40, lálẹ́ ọjọ́ kan.

Mo tà 31, ní 60 píso lẹ́yọ. Ẹ yọ 1,280 tí mo ná kúrò nínú 1,860, èrè mi kù 580 kí n tó ka owó jeepney, ọkọ̀ èrò wọn. Ọkùnrin kan tó ti ń hewú ra márùn-ún nítorí àpótí dúdú yẹn nìkan.

Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí màámi ní Mọ́níyà. Ó pẹ́ kó tó dé. Wọ́n ya fọ́tò ojú-ìwé kìíní padà sí mi lórí WhatsApp, wọ́n ti fi bíró pupa tún ọwọ́ tabo yà, wọ́n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tẹ̀ wálẹ̀ níbí." Mo lọ wo bálùwẹ̀ Lola. Ó tẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́. Mo ti tún un yà fún ẹ̀dà kejì, short ni mo sì fi wọn bébà rẹ̀.