Bí mo ṣe fa tírélà gba ìpínlẹ̀ márùn-ún kọjá lọ́jọ́ kan: Knoxville sí Chambersburg

Ìrìn-àjò náà lé díẹ̀ ní 480 máìlì. Láti Knoxville ní Tennessee, mo gba òpópónà I-40 fún bíi máìlì 33 kí n tó bọ́ sórí I-81, tó gba Virginia, West Virginia àti Maryland wọ Pennsylvania. Virginia nìkan kó nǹkan bíi 325 nínú rẹ̀. West Virginia kò ju 26 lọ, Maryland 12 péré, nítorí náà ẹni tó bá ń ka ìpínlẹ̀ láti mọ ibi tó dé máa tan ara rẹ̀ jẹ. Tírélà tí mò ń sọ kì í ṣe ọkọ̀ àjàgbé o. Àpótí onítáyà mẹ́rin tí píkọ́ọ̀pù ń fà ni, tòun tẹrù inú rẹ̀ sì jẹ́ 5,200 pọ́ọ̀nù.

Orí òṣùwọ̀n ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ àjàgbé ti ń ra epo. Píkọ́ọ̀pù nìkan gbé 6,100. Nígbà tí mo so tírélà mọ́ ọn, táyà píkọ́ọ̀pù gbé 6,520, èyí tó fi hàn pé 420 péré ló jókòó sórí bọ́ọ̀lù irin tí a fi so ó. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ láàárín 10 sí 15 ló yẹ kó wà. Bó bá kéré báyìí, ìdí tírélà á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí eré bá ti pọ̀. Mo sún àpótí irinṣẹ́ tó tó 440 pọ́ọ̀nù síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, mo sì tún un wọ̀n: 620, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 12. Ìdajì wákàtí tí iṣẹ́ yìí gbà ló gbà mí sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Táyà tírélà jẹ́ ST205/75R15 (ST ni táyà tí wọ́n dìídì ṣe fún tírélà), mo sì fún un ní afẹ́fẹ́ 50 psi tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Òwúrọ̀ kùtù, nígbà tó ṣì tutù, ni a ń wọn afẹ́fẹ́. Bó bá gbóná lójú ọ̀nà, géèjì á gòkè, ẹ má jò ó. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT tó wà lára táyà pẹ̀lú, ìgbà tí wọ́n ṣe é ni: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tírélà máa ń gbó láìjẹ pé ojú rẹ̀ pá. Nọ́ọ̀tì táyà, mo dè wọ́n dé 100 foot-pound (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì), mo sì tún wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn máìlì 50, torí wọ́n máa ń dẹ̀.

Mo gbé ṣéènì méjèèjì kọjá ara wọn lábẹ́ orí tírélà, kí wọ́n lè gbé e bó bá bọ́. Wáyà tó ń fa bíréèkì tírélà bí tírélà bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, ara férémù píkọ́ọ̀pù ni mo fi kọ́, kì í ṣe ara ṣéènì. Ní pápá tó ṣófo, mo sáré 25 máìlì ní wákàtí, mo fi ọwọ́ tẹ bíréèkì tírélà nìkan láti ara ẹ̀rọ kékeré tó ń darí rẹ̀ nínú píkọ́ọ̀pù, mo ń fi agbára kún un títí táyà fi fẹ́ dúró gbagidi, mo wá dín in kù díẹ̀.

N kò sáré ju 63 máìlì ní wákàtí lọ. Ọ̀pọ̀ táyà ST ni wọ́n ṣe fún 65, àwọn tó ń bú gbàù sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré tí eré rẹ̀ pọ̀. Ọkọ̀ àjàgbé kún I-81 fọ́fọ́. Bí ọ̀kan bá ń yà yín sílẹ̀, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ á kọ́kọ́ tì yín, lẹ́yìn náà á fà yín mọ́ra. Ẹ má bá a jà. Bí ìdí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ di ìtọ́kọ̀ mú gírígírí, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ bíréèkì tírélà nìkan. Bíréèkì ẹsẹ̀ lè mú ọ̀rọ̀ burú sí i, torí píkọ́ọ̀pù á lọ́ra, tírélà á sì máa tì í.

Ní Wytheville, ẹ má jẹ́ kí pátákó dà yín láàmú: I-81 lọ sí àríwá àti I-77 lọ sí gúúsù ń rìn pa pọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Lẹ́yìn Christiansburg ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn wà. Mo ti wọ gìá kékeré kí n tó dé orí rẹ̀, mo sì ń tẹ bíréèkì ṣókí-ṣókí, torí ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ lé e látòkè délẹ̀ á gbọ́ òórùn rẹ̀.

Epo jẹ́ 10 máìlì sí gálọ́ọ̀nù kan, ìdajì ohun tí ọkọ̀ náà ń ṣe láìfa nǹkan kan. Táǹkì gba 26, mo sì ń rà á ní gbogbo 180 máìlì, níbi tí mo lè gbà wọlé kí n sì jáde láìfi ẹ̀yìn rìn. Bí mo bá ti dúró, mo máa ń sún ọwọ́ mọ́ àárín wíìlì kọ̀ọ̀kan. Ti òsì gbóná díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ lọ́sàn-án, oòrùn ló fà á. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá dá gbóná débi pé ọwọ́ ò gbà á, bẹ́ríìnì ti gbẹ tàbí kí bíréèkì má tú dáadáa. Kó má kúrò níbẹ̀.

Mo gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, mo dé ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mo fi wẹ́ẹ̀jì sídìí táyà tírélà ṣáájú kí n tó fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó kọ̀, kò tú: ó fẹ̀yìn ti bọ́ọ̀lù. Mo sún píkọ́ọ̀pù sẹ́yìn bí ìka kan, mo yí jáàkì, ó sì gòkè wọ́ọ́rọ́.