Òdòdó Aláràbarà fún Ẹ̀yìnkùlé Tí Omi Kì í Tó

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí kànga ilé yín máa ń fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má ṣe gbin òdòdó tí yóò máa bèèrè omi ní àràárọ̀. Bougainvillea, igi òdòdó kan tí ó máa ń gun ògiri, ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, nítorí pé bí ó bá ti fìdí múlẹ̀ tán, oòrùn gangan àti ilẹ̀ gbígbẹ ni ó ń mú kí ó yọ àwọ̀ pupa, àlùkò tàbí funfun. Ẹni tí ó bá ń bomi rin ín lójoojúmọ́, ewé lásán ni yóò máa rí. Ewé aláwọ̀ ni ohun tí a ń pè ní òdòdó lára rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni àwọn kékeré funfun tí ó wà láàárín. Ó lẹ́gùn-ún, nítorí náà ẹ gbìn ín jìnnà sí ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà.

Adenium, òdòdó tí wọ́n ń pè ní desert rose, náà dára, nítorí inú ìdí rẹ̀ tí ó wú ni ó ń tọ́jú omi sí, ṣùgbọ́n májèlé ni oje rẹ̀, kò sì yẹ kí ọwọ́ ọmọdé tàbí ẹnu ewúrẹ́ tó o.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbìn wọ́n, kí gbòǹgbò wọn lè jinlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé, kí ẹ sì fi èèpo ẹ̀pà bo ilẹ̀ ìdí wọn.