Làpálàpá orí ọmọ: ìpara nìkan kò lè wò ó

Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí orí ń yún wọ kíníìkì wa, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀, nítorí kókó kéékèèké sábà máa ń so síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbé e lọ sójú fèrèsé. Bí ibì kan bá rí roboto, tó ń ṣí bí ìpẹ́, tí irun rẹ̀ ti kán kù sójú awọ ní tótòtó dúdú, làpálàpá ni mo ń fura sí. Èyí tó bá ń dán, tí kò ní ìpẹ́, tí kò sì yún ọmọ, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Bí yàrá àyẹ̀wò bá wà nítòsí, kí wọ́n ha ìpẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú irun tó kán, kí wọ́n wò ó lábẹ́ maikirosíkópù.

Àwọn ìyá á ní, “Nọ́ọ̀sì, mo ti fi ìpara pa á títí o.” Ẹ ò parọ́. Kòkòrò tó ń fa làpálàpá bá èyí tó ń mú búrẹ́dì bu tan, inú gbòǹgbò irun ló sì ń gbé. Ìpara kì í dé ibẹ̀. Ìpara tó ní stẹ́rọ́ìdì, ìyẹn oògùn tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀, tiẹ̀ burú jù: ìyún á rọlẹ̀, làpálàpá á sì máa tàn lọ. Ewé asùnwọ̀n tí ìyá àgbà ń fi pa á, n kì í bá wọn jà bó bá jẹ́ ti ara. Ti orí ni n kò gbà.

Oògùn mímu ló ń wò ó. Griseofulvin máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni dókítà fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà ẹ má bu ti ẹ̀gbọ́n fún àbúrò. Ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ ọlọ́ràá, bíi mílíìkì, ẹyin díndín tàbí ẹ̀pà, kó lè wọ ara dáadáa. Ẹ má dá a dúró torí pé irun ti ń hù. Bí ẹ bá ń fi ṣáńpù ketoconazole, tó ń gbógun ti kòkòrò yìí, fọ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò ní jẹ́ kó tètè ran àwọn yòókù.

Bí ibẹ̀ bá wú, tó rọ̀, tó ń ṣọyún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ là á. Ẹ gbé ọmọ wá kíá, torí irun ibẹ̀ lè má hù mọ́.

Ẹ wo orí àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ wo ológbò yín náà, torí ọmọ lè kó o lára rẹ̀. Kí olúkúlùkù ní kóòmù àti fìlà tirẹ̀. Kílípà tiyín sàn ju ti onígbàjámọ̀ lọ.

Ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn lè lọ síléèwé. Bí tísà bá dá a padà, ẹ ní kó wá bá mi sọ̀rọ̀.