Bí Mo Ṣe Gba Omi Mímu Lọ́wọ́ Koríko Ọ̀ṣọ́

Mo fẹ́ dín omi ẹ̀rọ tí mo fi ń bomi rin koríko ọ̀ṣọ́ ilé mi kù, ìdí mítà tó ń ka omi tó ń wọlé ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé pa, mo kọ nọ́ńbà ojú mítà sílẹ̀, mo dúró fún wákàtí kan. Bí nọ́ńbà yẹn bá yí, páìpù kan ń jò níbì kan nìyẹn, kò sì sí ìṣirò tí yóò tọ̀nà títí ẹ ó fi dí i. Tèmi ò yí. Mo wá gbé korobá lítà 10 sẹ́nu rọ́bà tí mo fi ń bomi rin koríko, mo ṣí i dé ibi tí mo máa ń ṣí i dé: ìṣẹ́jú àáyá 40 ló fi kún. Lítà 15 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ wá jẹ́ lítà 1,350, omi tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n ti fi kẹ́míkà pa kòkòrò inú rẹ̀.

Èyí tó jáde lẹ́nu rọ́bà yàtọ̀ sí èyí tó dé ìdí koríko. Pápá náà gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 6, ìyẹn mítà 60 níbùú lóòró. Mo to agolo mẹ́fà tí ara wọn gún régé kálẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi, tí mo fi sẹ́nu rọ́bà, fún ààbọ̀ wákàtí, mo ki rúlà bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: mìlímítà 11, 9, 6, 5, 3, 2. Bí a bá pín in dọ́gba, 6 ló kan agolo kọ̀ọ̀kan. Mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóòró, lítà kan ni, torí náà lítà 360 ló bọ́ sórí koríko nínú 450 tó jáde láàárín ààbọ̀ wákàtí yẹn. Kọnkéré àti afẹ́fẹ́ ló gba 90 yòókù. Igun tí agolo rẹ̀ ní 2 ló máa ń pọ́n ṣáájú, àṣìṣe tó sì wọ́pọ̀ ni kí èèyàn fi ìṣẹ́jú kún un. Ibi tó ti ní 11 yóò kàn di àbàtà ni. Ẹ sún ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi náà kúrò láàyè rẹ̀.

Ibi tí mo ti rí omi tó pọ̀ jù lọ gbà padà ni dídín koríko náà fúnra rẹ̀ kù. Ní 2021, ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé láti 2027, wọn ò gbọdọ̀ fi omi odò Colorado bomi rin koríko tí kò wúlò ju kí ojú rí i lọ ní agbègbè Las Vegas. Òfin náà yọ ilé àdáni sílẹ̀, àmọ́ mo yá ìbéèrè inú rẹ̀ lò: ta ló ń tẹ ibí yìí? Etí kọnkéré, mítà kan níbùú, 10 lóòró, àti abẹ́ igi, tó jẹ́ mítà 14 níbùú lóòró: kò sẹ́ni tó ń débẹ̀ àfi ẹni tó ń gé e. Mo hú u tòun ti gbòǹgbò, mo tẹ́ páálí tí kò ní láílọ́ọ̀nù lára, mo rin ín, mo kó èérún igi bò ó tó sẹ̀ǹtímítà 7. Ẹ má jẹ́ kí èérún náà kan ìdí igi, ẹ fi bí i sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ yí i ká, kí èèpo rẹ̀ má bàa jẹrà. Ó ku mítà 36 níbùú lóòró.

Mo jẹ́ kí 36 yẹn pọ́n. Koríko bí i bermuda máa ń sùn lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ fa ìdí kan wò: bí ó bá di ilẹ̀ mú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì funfun, ó wà láàyè, bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́, tó gbẹ délẹ̀délẹ̀, ó ti kú. Mìlímítà 12 lọ́sẹ̀ méjì-méjì tó láti mú ìdí rẹ̀ dúró, lítà 432 ni. Tẹ́lẹ̀, 2,700 ló ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ilẹ̀ amọ̀ kì í gba 12 lẹ́ẹ̀kan, torí náà mo máa ń da ìdajì ní kùtùkùtù, kí n dúró fún wákàtí kan, kí n tó da ìyókù.

Ìgbà tí omi tí koríko ń fẹ́ ti dín kù báyìí ni táǹkì omi òjò tó bọ́gbọ́n mu. Òrùlé tí mo so gọ́tà mọ́ tó mítà 50 níbùú lóòró. Òjò mìlímítà 10 á fún un ní lítà 500. 400 ni mo kà, torí díẹ̀ á ta dànù, díẹ̀ á gbẹ sórí páànù. Omi àkọ́kọ́ ló ń gbé eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ wá. Páìpù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó gùn ní mítà kan, ni mo kọ́kọ́ fi gbà á, kò sì gbà ju lítà 8 lọ. Omi pípọ́n ló wọ táǹkì. Mo fi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 rọ́pò rẹ̀, ìdajì lítà fún mítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóòró òrùlé. Kẹ́ẹ̀gì á kún tán kí omi tó gba ọ̀nà táǹkì. Ihò mìlímítà 3 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni omi náà ń gbà kán tán kí òjò mìíràn tó dé, ewé jíjẹrà sì máa ń dí i, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Táǹkì lítà 1,000 tó kún wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, kì í ṣe ẹrù pákó. Búlọ́ọ̀kù ni mo tò sórí kọnkéré, ó ga ní mítà kan. Dúdú ni mo rà, torí èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ máa ń hu nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń dí páìpù. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ẹnu rẹ̀ àti páìpù tí omi àkúnya ń gbà jáde. Gíga mítà kan kò fún omi lágbára ju ìdá kan nínú mẹ́wàá bar (ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára omi) lọ, torí náà ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi ò ní yí. Rọ́bà tó fẹ̀ ní mìlímítà 19 ni mo ń gbé kiri.

Ẹ má so táǹkì yìí mọ́ páìpù omi ẹ̀rọ rárá. Bí agbára omi bá lọ sílẹ̀ lójú títì, páìpù á fa omi ìgbẹ́ ẹyẹ padà sínú èyí tí ẹ ń mu, rọ́bà tó rì sínú táǹkì náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ fi omi ẹ̀rọ kún un, kí ẹnu páìpù ga ju ibi tí omi lè kún dé lọ ní ìlọ́po méjì ìbú páìpù, kó má sì dín ní mìlímítà 25.

Omi tí a fi ṣan aṣọ gbẹ̀yìn náà wúlò, bí kò bá ní kẹ́míkà tó ń sọ aṣọ di funfun nínú. Ọjọ́ náà gan-an ni mo ń dà á, torí ó máa ń rùn bó bá sùn. Iyọ̀ inú ọṣẹ ni wàhálà rẹ̀. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú ilẹ̀, tí èèpá funfun sì yọ, ẹ dá a dúró, kí ẹ fi omi òjò nìkan rin ibẹ̀ títí èèpá náà á fi lọ.