Àtẹ ìtò ọ̀rọ̀ tí mo sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé iṣẹ́ èdè lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ ka èyí kí ẹ tó san àsansílẹ̀. Mo san 18,000 náírà fún àtẹ ńlá kan tí mo fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri kíláàsì mi n'Ìbàdàn. Nígbà tí mo tú u, ìlà àkọ́kọ́ ní akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé, èyí tó tẹ̀ lé e ní akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ló lọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń to iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn rò pé mi ò mọ Yorùbá kọ ni, ló bá tún wọn tò láìbi mí.

Ohun tó kà sí àṣìṣe yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà! Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ èdè ilé ìwé wa fojú rí i pé kì í ṣe gbogbo ayé ló ń to ọ̀rọ̀ bíi tiwa. Yorùbá ń fi olùwà (akẹ́kọ̀ọ́) ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe (ka) á tẹ̀ lé e, àbọ̀ (ìwé) á wá kẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, Haúsá àti Ìgbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá sì ti ń gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti kékeré á gbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo wá mú gbólóhùn kan ṣoṣo, mo kọ ọ́ ní oríṣiríṣi èdè, mo yọ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kúrò, mo sì kọ Yorùbá sábẹ́ ìyókù bí wọ́n ṣe tò ó gẹ́lẹ́. Àwọn ará Japan ní "gakusei ga hon o yonda": akẹ́kọ̀ọ́ ìwé kà. Welsh, èdè Wales, ní "darllenodd y myfyriwr lyfr": kà akẹ́kọ̀ọ́ ìwé. Malagasy, èdè Madagásíkà, ní "mamaky boky ny mpianatra": kà ìwé akẹ́kọ̀ọ́.

Rírí gbólóhùn wọ̀nyí kò le, ìwé gírámà wà. Kí ẹ ṣáà rí i pé gbólóhùn lásán ni wọ́n fún yín, tí ẹnikẹ́ni kò tẹnu mọ́ ohunkóhun nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ kà, màá ní "Ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ kà." Àbọ̀ ló ṣáájú níbẹ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá torí ìyẹn sọ pé àbọ̀ ni Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀ ti ṣì wá gbọ́.

Jámánì ló dá mi dúró. Àpótí mẹ́fà ni mo pín àtẹ náà sí, torí ọ̀nà mẹ́fà péré ni èèyàn lè gbà to nǹkan mẹ́ta. Àwọn èdè yòókù wọ àpótí tiwọn wọ́ọ́rọ́wọ́. "Der Student liest ein Buch" jọ tiwa, mo sì fẹ́ tò ó sí ẹ̀gbẹ́ Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti gbé ọ̀hún rí ní, "Tó bá ti kà á tán ńkọ́?" Ó kọ ọ́ sílẹ̀: "Der Student hat ein Buch gelesen." Ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ti lọ jókòó sẹ́yìn, "hat" nìkan ló kù láàárín. Ó tún fi "nítorí pé" ṣáájú: "weil der Student ein Buch liest." Ó ti di ti Japan pátápátá.

Mo bi olùkọ́ Jámánì kan, ó ní ẹ̀gbẹ́ tiwa ni kí n fi í sí. Mo ka iṣẹ́ àwọn onímọ̀, àwọn kan ní ìparí gbólóhùn ni ilé ọ̀rọ̀-ìṣe Jámánì, pé ńṣe ló ń ṣí wá síwájú nígbà tí gbólóhùn bá dá dúró. Ó sú mi. Iṣẹ́ tó yẹ kó ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé wà nílẹ̀ nítorí èdè kan. Àkójọ Matthew Dryer, onímọ̀ èdè, nínú World Atlas of Language Structures, iṣẹ́ tó ń fi bí àwọn èdè ayé ṣe rí hàn, ló yọ mí. Èdè tó wà níbẹ̀ lé ní 1,300, ó sì to Jámánì mọ́ 189 tí kò ní ìtò kan tó borí. Mo bá ya àpótí keje, mo kọ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀. Inú àkójọ yẹn náà ni mo ti rí i pé irú Japan, Kòríà, Tọ́kì àti Híńdì ló pọ̀ jù, wọ́n lé ní 560. Irú tiwa jẹ́ 488, ti Welsh 95, ti Malagasy 25.

Ohun tó mú orí mi wú ni pé nígbà tí Joseph Greenberg, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtò ọ̀rọ̀ jáde ní 1963, èdè 30 ló gbé e lé, Yorùbá sì wà lára wọn. Ó kíyè sí i pé àwọn èdè tó ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe parí gbólóhùn sábà máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bíi "ní" sẹ́yìn náà. Ibi tí àwa ti ń sọ pé "ní ilé ìwé", "gakkō de" ni ti Japan, ilé ìwé ní. Mo kọ èyí sí ìsàlẹ̀ àtẹ náà lẹ́tà gàdàgbà.

Ìyẹn ni iṣẹ́ tí wọ́n bà jẹ́. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ọ̀gá wọn ní ọmọ òun ṣe mí lóore ni, pé ta ló ń sọ "akẹ́kọ̀ọ́ ìwé kà"? Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. 3,000 náírà ni wọ́n yọ fún mi lórí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kejì.

Ìlà kan ṣoṣo ni ọmọ náà kò fọwọ́ kàn, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Gbólóhùn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù: èdè Hixkaryana ní Amazon ti Bràsíl ní "toto yonoye kamara." Toto ni èèyàn, yonoye ni jẹ, kamara ni jaguar, ẹranko tó jọ ẹkùn. Bí mo ṣe kọ Yorùbá sábẹ́ rẹ̀, "èèyàn jẹ jaguar", kò ṣe é fura sí: lójú tiwa, èèyàn ló jẹ ẹranko. Lẹ́nu àwọn tó ni èdè, ẹranko ló jẹ èèyàn! Àbọ̀ ló kọ́kọ́ wá, olùwà ló kẹ́yìn. Greenberg ti ní irú ìtò bẹ́ẹ̀ kò sí, tàbí kó ṣọ̀wọ́n gan-an, kí onímọ̀ èdè Desmond Derbyshire tó gbé Hixkaryana síta ní 1977. Mọ́kànlá péré ni Dryer rí.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi àwọ̀ sí i: olùwà pupa, ọ̀rọ̀-ìṣe dúdú, àbọ̀ búlúù. Jaguar di pupa, kò sẹ́ni tó tún ṣì í kà. Mo sọ gbogbo iṣẹ́ náà di àwòrán kí n tó fi ránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lè tún un tò, mi ò sì sanwó títí tí wọ́n fi fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn mí lójú fóònù. Ká ní mo ti ṣe èyí látìbẹ̀rẹ̀, owó mi ì bá wà lápò mi.

Àyè ṣì wà lábẹ́ àpótí Japan. Mo fẹ́ kọ Kanuri síbẹ̀, àti èdè Ìjọ (Ijaw) ti Niger Delta, torí àbọ̀ ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe nínú méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bí sínú èdè náà ni mo fẹ́ kó bá mi sọ gbólóhùn rẹ̀, mi ò ní fúnra mi tò ó látinú ìwé atúmọ̀ èdè.