Bí ẹ ṣe lè ya snow kó tutù lójú: ẹ má jẹ́ kó dán o

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Kánádà ti fẹ́ràn kí wọ́n máa fi fọ́tò ilé wọn nínú snow ránṣẹ́ sí àwa tá à ń yàwòrán n'Ìbàdàn pé ká bá àwọn yà á, àmọ́ ohun tí mò ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni pé wọ́n á kàn da funfun bo kánfáàsì, wọ́n á wá máa fi bùrọ́ọ̀ṣì ra á títí gbogbo ẹ̀ á fi dán. Ẹfun nìyẹn, kì í ṣe snow.

Acrylic, péńtì tá à ń fomi là, la máa lò. Ẹ kọ́kọ́ fi omi la burnt sienna, àwọ̀ páànù Bẹẹrẹ tó ti dípẹtà yẹn gan-an, ẹ fi bo kánfáàsì, kó gbẹ. Ibi tí bùrọ́ọ̀ṣì bá fò, òun láá yọjú lábẹ́, táá jẹ́ kí funfun yẹn tutù.

Òjìji orí snow kì í ṣe dúdú o. Tí ojú ọ̀run bá mọ́, búlúù ni, torí ibi tí oòrùn ò dé, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń bà á. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Monet ti ń yà á bẹ́ẹ̀ ní Faransé láti nǹkan bí 1869. Ẹ po ultramarine, ìyẹn búlúù tó jinlẹ̀, mọ́ funfun àti burnt sienna tíntín kó má baà pariwo. Kó fẹ́lẹ́.

Ibi tí oòrùn bà ló yẹ kí péńtì ti ki, ẹ má fomi sí i. Bùrọ́ọ̀ṣì 2 inches táwọn tó ń kun ilé ń lò dáa fún un. Ẹ dì í mú níparí igi ẹ̀, kì í ṣe bíi bírò, kó jẹ́ apá lẹ fi ń fà á, tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́ kọ́wọ́ yín náà dà gẹ̀rẹ́, ẹ gbé e lé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ mọ́wọ́ kúrò. Tẹ́ ẹ bá padà lọ tún un ṣe, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Fún snow tó lẹ̀ mọ́ igi, ẹ nu funfun inú bùrọ́ọ̀ṣì sára àkísà títí táá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ra apá ibi tí atẹ́gùn ti fẹ́ wá nìkan. Ẹ̀gbẹ́ kan péré, ẹ jọ̀ọ́.

Lásìkò ọyẹ́ níbí, acrylic á ti gbẹ kẹ́ ẹ tó yíjú padà, torí náà ẹ má po púpọ̀, kẹ́ ẹ sì máa fín omi sí i.

Oníbàárà lè ní kò tíì parí torí ó ń rí ipa bùrọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé e kọ́ ògiri, ẹ ní kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó wò ó láti ibẹ̀.