Lùkúlùkú: Ẹ Wo Omi Tí Ẹ Fi Ń Po Lasota

Ọyẹ́ tó kọjá yìí, ojú àwa tó ń sin adìẹ rí màbo. Mo wọ ilé kan tí ìyá tó ni ín máa ń kó ẹyin lọ sọ́jà ní kéréètì, mi ò bá ẹyọ adìẹ kan níbẹ̀ mọ́, ìyẹ́ nìkan ló kù nílẹ̀. Ohun tí ìyá yẹn sọ fún mi náà ni gbogbo àwọn yòókù ń sọ: "Ṣebí mo fún wọn ní Lasota!" Òótọ́ ni, ẹ fún wọn ní Lasota, oògùn ìdènà lùkúlùkú tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu adìẹ. Àmọ́ oògùn yẹn ti kú kí ẹ tó gbé e síwájú adìẹ, ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí nìyẹn.

Mi ò ní máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbá ilé adìẹ, ẹ mọ ìyẹn. Ẹ sì mọ lùkúlùkú (àrùn Newcastle) tó bá dé: adìẹ á máa la ẹnu mí, á máa ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn á lọ́, ẹsẹ̀ á rọ, ẹyin á já wálẹ̀ lójijì. Láti 1952 ni àkọsílẹ̀ ti wà pé ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, títí dòní kò sí oògùn tó ń wò ó, ẹni tó bá ní àgbo tàbí kápúsù òun ń wò ó, owó yín ló ń wá. Oògùn ìdènà nìkan ló wà, kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló sì wà nínú ìgò yẹn. Tó bá ti kú, omi lásán ni adìẹ mu.

Omi ló ń pa á jù. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi klórínì sí, omi kànga tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ da bílíìṣì sí, ike tí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ láàárọ̀ yẹn. Ẹ lo omi òjò tó mọ́ tàbí omi kànga tí ẹ ò fi nǹkan kan sí. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ nìkan lẹ ní, ẹ ti pọn ọ́n sínú ike láti alẹ́, ẹ má fi ọmọrí dé e. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ po mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí kò lọ́ràá sí i, gíráàmù 2.5 sí líta kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó da oògùn sí i. Ike ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe páànù, omi lásán ni kẹ́ ẹ sì fi fọ̀ ọ́.

Bí omi ṣe máa pọ̀ tó: iye ọjọ́ tí adìẹ ti lò láyé ni iye líta fún 1,000 adìẹ. Ọjọ́ 21, líta 21 fún 1,000, tó bá jẹ́ 200 adìẹ lẹ ní, líta 4 ó lé díẹ̀. Tí wọ́n bá ti lé ní ọjọ́ 40, líta 40 fún 1,000 ti tó.

Ẹ kọ́kọ́ gbé omi kúrò lọ́dọ̀ wọn fún wákàtí 2, tí ooru bá mú kó jẹ́ wákàtí 1, kí òùngbẹ gbẹ wọ́n. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ ṣe é. Láàárín wákàtí 2 kí wọ́n ti mu ún tán, èyí tó bá kù ẹ dà á nù. Mo ti bá ibi tí wọ́n ti po ó ní aago 7 àárọ̀ tí omi yẹn ṣì wà níwájú adìẹ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó ṣòfò! Ẹ tún jáwọ́ nínú pé ẹ̀ ń fi ìgò oògùn tó wà fún 200 adìẹ fún 500 adìẹ, tàbí pé ẹ̀ ń tọ́jú ìyókù èyí tí ẹ ti pò sínú fíríìjì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí adìẹ yín ò bá pọ̀, ẹ̀yin àti aládùúgbò ẹ dáwó ra ìgò kan, kẹ́ ẹ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ó tán.

Láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé, inú kúlà pẹ̀lú yìnyín ni, kì í ṣe inú àpò ṣòkòtò lórí ọ̀kadà. Tí ẹni tó ń tà á bá ti mú un látorí káńtà fún yín, tí kì í ṣe inú fíríìjì, ẹ má rà á.

Ọmọ adìẹ ọjọ́ kan, ẹ kán oògùn ìdènà ti ojú fún un. Ọ̀sẹ̀ 3, Lasota. Adìẹ ẹlẹ́yin, abẹ́rẹ́ Komarov (oògùn ìdènà lùkúlùkú míì) láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí dókítà ẹran gún un.

Adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ káàkiri ńkọ́? Àwọn gan-an lẹ máa ń gbàgbé, àwọn ló sì ń gbé e wọlé bá àwọn tó wà nínú kéèjì. Oògùn ìdènà kan wà tó ń jẹ́ I-2 tí wọ́n ń ṣe ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ó fara da ooru ju Lasota lọ (kì í ṣe pé kẹ́ ẹ wá sá a sóòrùn o). Ẹ̀kán kan sínú ojú kan, àtàgbà àtọmọ, ẹ di adìẹ yẹn mú títí á fi ṣẹ́jú. Oṣù mẹ́rin mẹ́rin, kí èyí tó ṣáájú ọyẹ́ bọ́ sí oṣù kẹwàá. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti wọlé sùn ni kẹ́ ẹ mú wọn.

Adìẹ tí ẹ bá rà lọ́jà, pàápàá nígbà Kérésì, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán. Tí àrùn bá sì ti wọlé, ẹ má sáré kó èyí tó kù lọ sọ́jà, ilé ẹlòmíì lẹ̀ ń gbé e lọ yẹn, kò dáa rárá. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn, ẹ sin èyí tó kú, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fi kan ojú yín, ó máa ń mú ojú èèyàn pọ́n.

Ọjọ́ tí ẹ bá fún wọn ní oògùn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ilé adìẹ, kí ẹni tó bá ń bá yín tọ́jú wọn náà lè rí i.